Ara Ta Ni Wọ́n Fi Wọn Ẹ̀rọ Yìí?

Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í fi ara tirẹ̀ wọn aṣọ oníbàárà. Á yọ téèpù, á wọn èjìká, á wọn ọrùn, á béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí apá aṣọ gùn, kó tó di pé sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ṣe máa ń wọn ara kí ọjà wọn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlà ìka, ìka àwọn kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ̀rọ tó ń tan iná sínú awọ láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé ọ́síjìn, awọ àwọn kan ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá jọ ti àwọn tí wọ́n wọ̀n kò ní mọ̀ láéláé pé wọ́n wọn ẹnikẹ́ni. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá jọ ọ́ ni yóò dúró síwájú ẹ̀rọ, tí wọn yóò máa sọ fún un pé, "Màmá, ẹ tún tẹ̀ ẹ́," títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

A ti sọ ọ́ di àṣà láti máa sọ pé àwọn ìyá àti bàbá wa kò mọ ẹ̀rọ lò. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àìmọ̀ọ́lò yẹn, àṣìṣe òdiwọ̀n ni.

Ẹ jẹ́ ká ti Agodi n'Íbàdàn wò ó. Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti ń wá fi ara wọn hàn. Ilé ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, kò jìnnà síbẹ̀. Agodi yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifísọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Gbogbo ìwé ìtàn ló ń ròyìn ọjọ́ yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ wọ ilé àwọn ènìyàn lásán n'Íbàdàn ti wà ní ogún ọdún ṣáájú tẹlifísọ̀n. Òun ni àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì, tí wáyà rẹ̀ ń bọ̀ tààrà láti ilé iṣẹ́ tó ń pín ohùn káàkiri ìlú. Kò lo bátìrì, nítorí agbára tó ń mú un sọ̀rọ̀ ń gba inú wáyà kan náà wá. Bọ́tìnnì kan ni wọ́n ń yí. Owó oṣooṣù rẹ̀ kò pọ̀. Ìyá tí kò jókòó sí kíláàsì rí lè yí i, tí ètò Yorùbá bá sì dé, á gbọ́ ìròyìn bí akọ̀wé tó wà ní òpópónà kejì ṣe gbọ́ ọ. Àpótí náà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, kò béèrè lẹ́tà, kò béèrè ìka, kò sì béèrè ojú. Ẹ̀rọ òde òní ń béèrè gbogbo wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wọlé.

Ẹ mú àtàǹpàkò ìyá aláró kan, kí ẹ wò ó dáadáa nínú oòrùn. Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ló fún wa ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Ẹ̀lú tí wọ́n ń fi re aró kò ní jẹ́ aró láìsí omi eérú, omi eérú yìí sì ń jẹ awọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìka rẹ̀ á ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, aró á ti dúdú sí igun èékánná, àwọn ìlà tó yẹ kó máa yí po bí omi inú odò tí wọ́n sọ òkò sí á ti fẹ́ẹ̀ẹ́ parẹ́. Tí ẹ bá fi ìka tiyín kàn án, ẹ óò mọ̀ pé kò gbá nǹkan mú mọ́. Ìka àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú náà rí bẹ́ẹ̀, torí omi eérú kan náà ni wọ́n ń lò. Bíríkìlà tó ń po sìmẹ́ńtì, àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń rin ín, mẹkáníìkì tó ń tú ẹ́ńjìnnì ní Géètì, ọ̀kan ni gbogbo wọn.

Inú oyún ni ìlà ìka ti ń hù, ó sì ti máa ń pé kí oyún tó wọ oṣù keje. Abẹ́ awọ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Nítorí náà, bí aláró bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlà náà á tún hù padà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àtibá ẹ̀rọ rẹ́? Ọjọ́ orí náà ń kó tirẹ̀ wá, nítorí awọ àgbàlagbà ń gbẹ, ó ń fẹ́lẹ́, ìlà rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan wà tó ń pa ìlà ìka rẹ́, kápẹ́sítábììnì wà lára wọn.

Ohun tí ẹ̀rọ ń wá lára ìka kò pọ̀. Ó ń wá ibi tí ìlà ti dópin àti ibi tí ìlà kan ti pín sí méjì, á sì fi bí àwọn ibẹ̀ ṣe jìnnà síra wé èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo ìmọ́lẹ̀ nílò kí orí ìlà lẹ̀ mọ́ gíláàsì dáadáa. Ìka tó gbẹ kì í lẹ̀. Èyí tó ń lo iná mànàmáná tín-ín-rín nílò ọ̀rinrin díẹ̀ nínú awọ. Ọ̀dọ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tẹ kọ̀ǹpútà lọ, ìka rẹ̀ ni gíláàsì yẹn fẹ́ràn jù. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, gbogbo Nàìjíríà rí i lórí tẹlifísọ̀n. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, ti gbé ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ìdìbò àti ìka dé. Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ dé ibùdó ìdìbò rẹ̀ ní Otuoke, ẹ̀rọ kò sì ka ìka rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó parí, INEC gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ kọ orúkọ àwọn tí ẹ̀rọ kọ̀. Bí ẹ̀rọ bá lè kọ ìka olórí orílẹ̀-èdè lójú gbogbo ayé, ẹ wo iye ìyá tó ti kọ̀ ní Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn tí kò sí kámẹ́rà níbẹ̀.

Láti 2021 ni INEC ti ń lo ẹ̀rọ mìíràn, BVAS. Bí ìka bá kọ̀, ẹ̀rọ náà á ya ojú olùdìbò. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n fi ọ̀nà kejì sínú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò dúró kí ariwo sọ kí wọ́n tó wá a. Síbẹ̀ ojú náà ní ìtàn tirẹ̀. Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, tó sì kàwé ní Amẹ́ríkà, ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí nígbà tó rí i pé kọ̀ǹpútà kò rí ojú òun rárá, àfi nígbà tí òun gbé ìbòjú funfun wọ̀. Òun àti Timnit Gebru, tí wọ́n bí ní Ẹtiópíà, wá dán ètò mẹ́ta tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tà wò, láti mọ bí wọ́n ṣe ń dá ojú ọkùnrin mọ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, èyí tó burú jù nínú àwọn ètò náà ṣi ojú obìnrin aláwọ̀ dúdú mú lọ́nà 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju 0.8 lọ níbi tó pọ̀ dé. Àwọn fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà ló fà á, torí ojú irú wa kò pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn tí ìwádìí náà jáde, àwọn ilé iṣẹ́ náà tún ètò wọn ṣe, àṣìṣe sì dín kù. Ìyẹn jẹ́ kó dá mi lójú pé ohun tó ṣeé tún ṣe ni, bí ẹnìkan bá ti lè wọ̀n ọ́n kó sì sọ ọ́ síta.

Ahọ́n náà jẹ́ ara. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Yúróòpù jókòó ṣe àkójọ lẹ́tà tí fóònù GSM yóò máa lò fún àtẹ̀jíṣẹ́. Wọ́n fi à, è, é, ì, ò àti ù sí i, nítorí àwọn ará Faransé àti Ítálì. Wọn kò fi á sí i, wọn kò fi í, ó àti ú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, àkójọ yẹn ló bá a wọlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá lo àwọn lẹ́tà inú àkójọ nìkan lè gba lẹ́tà 160. Kí ẹ fi ẹ kan ṣoṣo sí i báyìí, fóònù á yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, àyè á sì dín kù sí 70. Ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà 150, tí ilé ìwòsàn ìbá fi owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, á di mẹ́ta ní Yorùbá tó ní àmì. Lẹ́tà bí ẹ́ tún ń gba àyè méjì, torí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìlànà lẹ́tà àgbáyé tí à ń pè ní Unicode. Ẹ àti àmì orí rẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀.

Nítorí náà ni àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìlera ránṣẹ́ fi ń bọ́ àmì kúrò lára Yorùbá, tàbí kí wọ́n kúkú kọ Gẹ̀ẹ́sì sí aláboyún tí kò gbọ́ ọ. Wọ́n á ní kò sówó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló pinnu iye owó yẹn nígbà tó ń ṣe àkójọ lẹ́tà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọn nọ́ńbà alámì ìràwọ̀ tí à ń tẹ̀ fún báǹkì, tàbí *346# tí à ń tẹ̀ láti rí NIN wa, sàn ní ọ̀nà kan torí pé fóònù tọ́ọ̀ṣì ìyá aláta náà lè ṣe é, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí wọ́n ti kùnà ni àkókò. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá kàwé kíákíá, ojú ìwé náà á pa dé kó tó rí èyí tó fẹ́ mú. Ohùn ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí fóònù dún kó sì bá a sọ Yorùbá tó já gaara. Ìbàdàn yìí náà ni Túndé Adégbọlá dá ilé iṣẹ́ ìwádìí African Languages Technology Initiative sílẹ̀ sí, tí òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ Yorùbá kó sì sọ ọ́, tó fi mọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun tó yí ojú síbẹ̀.

Ẹ̀rọ ilé ìdáná kò yọ sílẹ̀. Christopher Olopade láti yunifásítì Chicago àti àwọn onímọ̀ Ìbàdàn kó aláboyún 324 jọ nílùú yìí, àwọn tó ń fi kẹrosíìnì tàbí igi dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba sítóòfù tuntun, 1.9 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 6.4. Èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú nìkan, ó ń dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ kí irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ tó lè dúró nílé ará Ìbàdàn, ó gbọ́dọ̀ lè gbé ìkòkò àmàlà nígbà tí wọ́n bá ki omorogùn bọ̀ ọ́, tí wọ́n fẹsẹ̀ tì í, tí wọ́n sì fi gbogbo apá rò ó. Èyí tó bá mì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbé e sí.

Mo fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ de ìparí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù. Òun ni ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì ń fi há ìka aláìsàn, tó ń kọ nọ́ńbà bíi 97 tàbí 88 jáde. Takuo Aoyagi, ọmọ Japan, ló ronú kan ọgbọ́n rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń tàn gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì ojú ènìyàn kò lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn ń jẹ́ kí pupa kọjá dáadáa, èyí tí kò gbé e ń gbé pupa mì. Ẹ̀rọ náà ń wo iye tó kọjá nínú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, apá tó ń lù kìkì pẹ̀lú ọkàn nìkan ló sì ń kà, kí awọ àti egungun tí kì í lù má bàa dí i lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Bí ẹ bá sì tẹ̀lé e dópin, ó yẹ kí àwọ̀ ara má ṣe nǹkan kan.

Ó ń ṣe é. Ohun tó ń mú awọ wa dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, àwọn tí wọ́n sì fi ṣe òdiwọ̀n ẹ̀rọ náà, tí wọ́n dín ọ́síjìn wọn kù díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá ìwádìí kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà tó yẹ kó kọ, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 kò béèrè ju aláwọ̀ dúdú méjì lọ nínú mẹ́wàá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ń jà, àwọn dókítà Michigan tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ kọ 92 sí 96 fún, nọ́ńbà tó ń fini lọ́kàn balẹ̀, wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an wò. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú, nǹkan bíi 12 ni ọ́síjìn wọn ti wà lábẹ́ 88 láìjẹ́ pé ẹ̀rọ sọ ọ́. Ti aláwọ̀ funfun kò pé mẹ́rin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó gbé àbá ìlànà tuntun jáde, tí yóò mú kí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí i nínú ìdánwò.

Ẹnìkan lè sọ pé ká kúkú da ẹ̀rọ náà nù. Ìbàdàn ló ní èsì rẹ̀. Adégòkè Fáladé, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ní UCH, àti Hamish Graham láti Melbourne, ṣe ètò ọ́síjìn kan ní ilé ìwòsàn 12 ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Òtútù àyà ń pa ọmọ wa púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń kú nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ́síjìn ti tán lára wọn. Ètò náà kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kékeré yìí dé, wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó lára gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá tó ń sẹ́ ọ́síjìn jáde látinú afẹ́fẹ́ yàrá, pẹ̀lú iná oòrùn níbi tí iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 2019, ipa ẹ̀rọ kékeré náà ló hàn jù nínú iye ọmọ tí òtútù àyà kò pa mọ́. Èyí tó tóbi, tó sì wọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún un. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí nọ́ọ̀sì mọ ọmọ tó nílò ọ́síjìn, kó sì fún un.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ta wá lọ́rẹ. Ìwádìí tí Perry àti Malkin tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ẹ̀rọ ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ni kò ṣiṣẹ́. Iná ba òmíràn jẹ́, eruku wọ òmíràn lọ́fun, òmíràn kò ní ẹni tó lè tún un ṣe. Ètò Ìbàdàn wọn iná, wọ́n wọn ọwọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n wọn ẹni tí yóò tún un ṣe, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rọ ní Sẹkitéríàtì, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ tí yóò ka ìka tàbí ojú àwọn ará ìlú, ẹ gbé e lọ sí Ọjà'ba, ẹ gbé e dé Bẹẹrẹ àti Géètì, kí ẹ fi dán ìka aláró, mẹkáníìkì àti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ẹni ọgọ́rin ọdún wò lábẹ́ oòrùn. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ẹ̀rọ bá kọ ẹnìkan, ọ̀nà mìíràn gbọ́dọ̀ wà tí yóò fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ bá sì kọ ìka yín, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á, ẹ nù ún, ẹ dán ìka mìíràn wò. Bó bá tún kọ̀, ẹ má lọ sílé. Ẹ béèrè ọ̀nà kejì.

Ní ti ẹ̀rọ orí ìka tí ọ̀pọ̀ ti rà sílé láti ìgbà kòrónà, ẹ yọ kùtẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná, ẹ má fi há ìka tí wọ́n lé làálì dúdú sí, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó tutù kọ́kọ́ móoru, kí ẹ sì wo bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sílẹ̀ tàbí sókè láti wákàtí dé wákàtí. Ọmọ tí tirẹ̀ bá wà lábẹ́ 90 nílò ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń mí yára, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí ẹ̀rọ náà kọ.